Ìyá Ìsàmì Kìlómítà Karùn-ún

Wayllapata,
Ọjọ́ Ẹtì, oṣù kẹfà, lẹ́yìn ìkórè ọ̀dùnkún.

Edelmira, ọmọ mi,

Mo kí ọ káàárọ̀, mo kí ọ káàsán, mo sì kí ọ káalẹ́, nítorí mi ò mọ àsìkò tí ẹni tó ń pín lẹ́tà máa ń dé àdúgbò yín ní Lima, mi ò sì fẹ́ kí ìkíni mi bá ọ ní àsìkò tí kò yẹ. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ ọ̀gá rẹ kò tún gún ọ ní ìka mọ́? Wúńdíá Màríà yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, o ò ní pàdé agbákò lójú pópó. Tí o bá fẹ́ gbọ́ nípa tiwa, a wà. Òtútù ti dé, omi inú garawa ń dì kí àkùkọ tó kọ, ọ̀dùnkún ti wọlé, àgùntàn dúdú bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì jọ bàbá rẹ olóògbé lójú, pàápàá tí ebi bá ń pa á.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọmọ mi, fóònù dára, mi ò bá a jà. Mo máa ń gun òkè itẹ́ òkú lọ torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ó jọ pé àwọn òkú ló kọ́kọ́ rà á, màá sì gbọ́ ohùn rẹ ketekete bí ẹni pé o wà lẹ́yìn ògiri. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí nǹkan kan. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ àgùntàn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dúró digbí. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ òjò, á dúró. Bí mo bá ti dárúkọ Don Melitón báyìí, kíá, á já. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti ṣẹlẹ̀, mo kà á. Mo sọ fún Abdón àbúrò mi pé mi ò mọ ohun tí ọkùnrin yẹn fi ṣẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó fi kórìíra orúkọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, Abdón wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ kọ lẹ́tà, pé lẹ́tà kì í já. Torí náà jókòó dáadáa, má tíì ká a, Don Melitón wà nínú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni pé mò ń sá eré ìje kan lọ́wọ́, ó ti di ọjọ́ mọ́kàndínlógún, mi ò sì lè parí rẹ̀ àfi tí o bá wá sílé. Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kì í ṣe pé mò ń sá bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mo jókòó ti ààrò. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ọ.

Nọ́ọ̀sì tuntun kan wà nílé ìwòsàn wa, Lorena lorúkọ rẹ̀, ọmọ etí òkun ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, fìlà méjì ló máa ń dé léra wọn. Ó pe ìpàdé lẹ́yìn máàsì, ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ń bàjẹ́ torí kò sí firíìjì tí wọ́n máa kó o sí, ó ní ká sá eré kìlómítà márùn-ún, láti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé ìwòsàn, ká fi kówó jọ. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Edelmira, ìwọ náà mọ ibi tí à ń gbé. Níbi tí omi ti ń dì mọ́ ènìyàn lójú láàárọ̀, wọ́n ní ká sáré lọ ra òtútù. Bàbá arúgbó kan dìde, ó ní kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ náà wá sùn sílé òun, pé yàrá òun ò móoru rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun. Nọ́ọ̀sì ní òtútù tiwa kò dúró sójú kan, pé bó bá di ọ̀sán oòrùn á yọ, á sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ní ọmọ Casilda oníbúrẹ́dì tí ikọ́ líle fẹ́ẹ̀ gbé lọ lọ́dún tó kọjá, abẹ́rẹ́ tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ti gún un. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán lẹ́nu wa. Mo dìde, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ mi. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti ń sáré tẹ̀lé àgùntàn, kò sì sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún mi rí.

Abdón ní òun ni yóò máa kọ́ mi. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ àgbàdo yíyan, ó ń pariwo pé kí n gbé orúnkún sókè. Nọ́ọ̀sì náà fi nǹkan kan sínú fóònù mi tó ń ka ìṣísẹ̀ ẹni, ó ní kí n máa rin ẹgbàárùn-ún lójúmọ́. Ta ló ráyè máa ru fóònù kiri pẹ̀lú iṣẹ́ ilé? Mo so ó mọ́ ọrùn àgùntàn dúdú. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ju ẹgbàawàá lọ. Nọ́ọ̀sì dì mọ́ mi, ó ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀dọ́, mi ò sì fẹ́ bà á nínú jẹ́. Bóyá ohun tó jẹ́ kó bí ìbejì nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù yẹn ń ṣèwádìí ju àlùfáà lọ. Ó béèrè bóyá aṣọ kékeré ló máa wọ̀ mí àbí ńlá, mo kọ ọ́ pé ó di ọwọ́ ìkórè: lóṣù kẹfà ńlá, lóṣù kejì kékeré. Ó béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí mo ní, mo kọ pupa, mo fi kún un pé ti bàbá rẹ ló máa ń gbóná, pé tèmi kì í tètè ru. Ó béèrè ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣe mí, mo kọ Wúńdíá Màríà. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó ní nọ́ńbà fóònù ni kí n kọ, mo wá kọ ìwọ, kí o mọ̀ pé ìwọ lo tẹ̀lé Wúńdíá. Nísàlẹ̀ pátá, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé bí mo bá kú sójú ọ̀nà, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn wọn. Mo rí i pé ìwé ìhágún ni, inú mi sì dùn pé wọ́n láròjinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀, mo pín ohun ìní mi síbẹ̀: àgùntàn dúdú àtàwọn ọmọ rẹ̀ fún ọ, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò fún ọ, ìkòkò ńlá fún Abdón tó bá dá èyí tó yá lọ́jọ́sí padà. Ó ti wà lọ́wọ́ wọn báyìí, o ò lè sọ pé mi ò fún ọ ní nǹkan kan.

Ojú ìwé kejì lọ̀rọ̀ wà gan-an. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí olúkúlùkù wá bàbá ìsàmì tàbí ìyá ìsàmì fún kìlómítà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ní, háà, ọmọ etí òkun yìí mọ àṣà. Ọkọ̀ wo ló wà níbí tí kò ní bàbá ìsàmì? Òrùlé ilé ìwé ní tirẹ̀, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìyá ìsàmì, ẹ̀rọ tí àlùfáà fi ń sọ̀rọ̀ ní méjì. Kí ló wá dé tí kìlómítà á fi wà bí ọmọ òrukàn? Nọ́ọ̀sì gbọ́, ó ní rárá, Màmá, ẹni tó bá ti dá owó sol mẹ́wàá sí i ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rọra fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ọmọdé ni. Bàbá ìsàmì wo ló ń fowó sílẹ̀ táá sì gba ilé rẹ̀ lọ?

Abdón gba kìlómítà kìíní. Casilda gba èkejì nítorí ọmọ rẹ̀. Awakọ̀ tó ń kó ọ̀dùnkún wa lọ sọ́jà gba ẹ̀kẹta. Ẹ̀karùn-ún, èyí tó gbẹ̀yìn, tó sì jẹ́ ti ọlá, ìwọ ni mo kọ síbẹ̀. Mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ torí mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já. Ó wá ku ẹ̀kẹrin. Mo yí gbogbo abúlé po, kálukú ti ní kìlómítà tó ń tọ́jú. Ó ku ọjọ́ méjì kí a sáré, mò ń bó àgbàdo lọ́wọ́ lọ́sàn-án, mo gbọ́ kọ́kọ́kọ́ lẹ́nu géètì, mo yọjú, Don Melitón ni.

Mi ò ní tú ọ̀rọ̀ àtijọ́ wò, ṣùgbọ́n màá tú u díẹ̀. Ọdún mẹ́rin rèé tí o fi Nilton ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, tí o wọ ọkọ̀ Lima ní kùtùkùtù, tí wọ́n ti pa màlúù méjì, tí àwọn onífèrè ti ń dán fèrè wọn wò lágbàlá. Mi ò bá ọ wí nígbà náà, mi ò ní bá ọ wí báyìí. Ibi tí ọkàn ò bá fẹ́, kí ẹsẹ̀ má lọ ló dáa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Don Melitón kò kí mi mọ́. Odò kan náà la fi ń bomi rin oko, a sì ti ń pín in fún ọdún mẹ́rin bí odi méjì: bó bá ti kàn mí, á fi ṣọ́bìrì kan òkúta lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà á kan tèmi lẹ́ẹ̀kan pé mo ti gbọ́. Mo mọ̀ pé nítorí rẹ̀ lo ò ṣe wálé, bí o tilẹ̀ ń sọ pé iṣẹ́ ni.

Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun gbọ́ pé kìlómítà kẹrin mi kò ní baba. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kò dáa kí kìlómítà wà láìní baba. Mo ní kò dáa lóòótọ́. Ó wolẹ̀, ó ní ẹ̀gbẹ́ oko òun ló sì parí sí. Mo ní mo mọ̀. Ó ní ṣé kí òun mú ọtí dání ni àbí kí òun má mú un dání. Mo ní bàbá ìsàmì tí kò mú ọtí dání, kí ló wá ṣe? Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Edelmira, ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn já sí. Ẹni tó bá ti ṣe bàbá ìsàmì ohun tìrẹ ti di compadre rẹ, ìwọ náà ti di comadre rẹ̀, ẹ ti di ẹbí, compadre kì í sì í bá compadre ṣọ̀tá, àní kí wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ò ní gbà. Nọ́ọ̀sì rò pé owó firíìjì lòun ń kó jọ.

Ọjọ́ Àìkú pé. Wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n mọ́ mi láyà, wọ́n so nǹkan pẹlẹbẹ kan mọ́ sálúbàtà mi, wọ́n ní òun ló máa sọ ìgbà tí mo gbéra àti ìgbà tí mo dé. Mo mọ̀ ọ́n, irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sí àgùntàn létí kí olè má baà gbé e. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bẹ̀rù pé wọ́n lè jí mi gbé. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin wá láti ìlú ńlá, ṣòkòtò péńpé ni wọ́n wọ̀ nínú òtútù yẹn, bí fèrè ìbẹ̀rẹ̀ ṣe dún báyìí, àfi fìrì, kí n tó tún sálúbàtà mi so wọ́n ti dé ilé ìwòsàn. Wọn ò kí ẹnì kankan lọ́nà. Àánú wọn ṣe wá, ó hàn pé wọn ò ní ẹbí.

Àwa rọra ń bọ̀ ní tiwa. Níbi òkúta kìlómítà kìíní, Abdón ti ń dúró, ó da bébà wẹ́wẹ́ aláràbarà lé mi lórí, ó ta ọtí àgbàdo sílẹ̀ fún Ìyá Ilẹ̀, ó bu ife kan fún mi, ó gbàdúrà, ó sunkún díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún gbogbo wa, ogójì eléré, kálukú pẹ̀lú bàbá ìsàmì tirẹ̀ àti ọtí tirẹ̀. Casilda pín búrẹ́dì ní èkejì. Awakọ̀ gbé cuy sísun wá ní ẹ̀kẹta, ẹmọ́ ilé tó sanra dáadáa, ó ní ká jókòó, pé ta ló ń jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ lóòró. Nọ́ọ̀sì ń sáré lọ sáré bọ̀, aago tó fi ń ka àsìkò ń mì lọ́rùn rẹ̀, ó ń bẹ̀ wá pé Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ, eré ni. Mo ní eré náà mà la ń ṣe, ọmọ mi, wá jókòó. Nilton ti jókòó ti ìyàwó rẹ̀ láti kìlómítà kìíní, kò dìde mọ́. Ó ti sanra, Edelmira. Ọmọ méjì ló bí, ikùn rẹ̀ ṣìkẹta wọn. Ó béèrè àlàáfíà rẹ, mo wò ó lójú dáadáa bóyá ìkùnsínú wà níbẹ̀, oorun nìkan ni mo rí.

Don Melitón wọ kóòtù tó rà fún ìgbéyàwó yín. Mo ti dá a mọ̀ lókèèrè, kò wọ̀ ọ́ rí láti ìgbà náà. Ó gbé tábìlì síta lẹ́bàá oko, ó tẹ́ aṣọ sí i. Ó da bébà lé mi lórí, ó bu ọtí, ó mu ìdajì, ó fún mi ní ìdajì, ó pè mí ní comadre. Ọdún mẹ́rin. Mo fẹ́ fi àwàdà dá a lóhùn ṣùgbọ́n ẹkún ni mo sun níwájú gbogbo abúlé, kì í sì í ṣe ọtí. Lẹ́yìn náà ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní iṣẹ́ kan wà tí òun fẹ́ rán sí ọ. Ó ní ojú ló ń ti òun ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, pé òun ò mọ bí a ṣe ń ṣe ìtìjú ni òun ṣe fi ṣe ìbínú. Ó ní kí n sì sọ fún ọ pé àwọn màlúù méjì yẹn ti darúgbó tẹ́lẹ̀, ẹran wọn le.

Ó wá ku kìlómítà kan. Mo gbé ẹsẹ̀, mo sì gbé e padà. Kìlómítà tí ìyá ìsàmì rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ta ló máa gbà mí lọ́hùn-ún? Mo yí padà, mo lọ sílé. Nọ́ọ̀sì tẹ̀lé mi, ó ní kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó kù. Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú. Ó ní kí òun dúró ní ipò rẹ. Mo ní ọmọ mi wà láàyè, kì í ṣe òkú. Ó ní bí ẹnì kan bá ṣì wà lójú ọ̀nà, aago òun á máa kà ni, ìwé òun ò ní lè parí. Mo ní kó máa kà, ṣé ó ń jẹun ni? Lánàá ló sọ fún mi pé mo ti lo ọjọ́ méjìdínlógún lórí kìlómítà márùn-ún, pé òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an.

Owó náà pé o. Firíìjì ti dé, ó funfun, ó ń kùn bí ológbò, abẹ́rẹ́ ti wà nínú rẹ̀, ọmọ Casilda ti gba tirẹ̀, ó sì ta nọ́ọ̀sì nípàá. Ṣùgbọ́n a ò tíì ṣe àsè rẹ̀, torí abúlé ní kò sẹ́ni tó ń jẹ àsè eré tí kò tíì parí. Nígbàkúùgbà tí mo bá lọ pọn omi, wọ́n á bi mí pé Edelmira ńkọ́. Àwọn cuy ń sanra. Ọtí ń kan. Mi ò dá ọ lẹ́bi, ìròyìn ni mò ń ṣe.

Ní ti owó, mo mọ̀ pé o ti ń retí ibi tí màá ti béèrè, mi ò sì ní já ọ kulẹ̀. Owó mọ́tò láti Lima dé ibí ni mo fẹ́. Má fi ránṣẹ́ nínú fóònù, torí èyí tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, mo tú ẹ̀yìn fóònù náà, bátìrì nìkan ni mo bá. Gbé owó náà lọ́wọ́ lọ sí gáréèjì, kó o fún awakọ̀, kí ìwọ náà sì wọlé jókòó kó o máa ṣọ́ ọ títí á fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ra bébà wẹ́wẹ́ aláràbarà dání, ìyá ìsàmì kì í wá lọ́wọ́ òfo. Kí o sì ra ìbọ̀sẹ̀ onírun fún nọ́ọ̀sì, ó ti di ẹbí. Edelmira, mo ti ń fi ẹ̀rín bò ó láti òkè lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n àárò rẹ ń sọ mí, ó ń sọ mí gan-an, ilé sì tóbi ju ènìyàn kan lọ.

Mo mọ ohun tó kù tí ò ń rò. Ò ń rò pé kìlómítà karùn-ún yẹn, ẹnu ọ̀nà Don Melitón gan-an ló gbà kọjá. Láàárọ̀ yìí mò ń da àgùntàn lọ, mo bá a níbi tó ti ń gbá ojú ọ̀nà iwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ níkọ̀ọ̀kan, ó ń kó o sínú garawa. Mo ní compadre, ọ̀nà ìjọba lẹ mà ń gbá yìí. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ọmọ tó ti lo ọdún mẹ́rin ní Lima, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á ti rọ̀.

Kí Ọlọ́run tó mú ọ lọ láìṣubú mú ọ bọ̀ láìṣubú.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fortunata Huillca.